Ẹjọ́ Fáìlì Àjèjì: Ẹ̀rí Wo Ló Tó Láti Dá A Lẹ́bi?

  

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Bí ènìyàn bá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó bá fáìlì kan níbẹ̀ tí kò rí rí, tí kò sì mọ ẹni tó gbé e wá, ẹ̀rí wo ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ pé aṣebi ni fáìlì náà, tàbí pé kò ní ibi nínú? Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀rí kan ṣoṣo tó tó. Orúkọ fáìlì kò tó, àwòrán ara rẹ̀ kò tó, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò tó, ọ̀rọ̀ antivirus pàápàá kò tó. Ìgbà tí a bá kó wọn jọ, tí a fi ọ̀kan yẹ èkejì wò, la tó lè dájọ́. Títí di ìgbà náà, a kò gbọdọ̀ ṣí i, a kò sì gbọdọ̀ pa á rẹ́. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo gbà pé òfin yẹn de fáìlì bó ṣe de ènìyàn.

1. Kí ni fáìlì, kí ni àjèjì, kí ni ewu?

Fáìlì ni àkójọ ìsọfúnni tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́ sí ibì kan lábẹ́ orúkọ kan. Ìyẹn nìkan kò là wá lọ́nà tó, nítorí oríṣi méjì ló wà. Àwọn kan wà fún kíkà, wíwò tàbí gbígbọ́: lẹ́tà, fọ́tò, orin. Àwọn mìíràn jẹ́ àṣẹ. Wọ́n ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ṣe báyìí, ṣe báyìí, kọ̀ǹpútà yóò sì ṣe é láìbèèrè ìdí. Àwọn yìí là ń pè ní ètò, tí orúkọ wọn lórí Windows sábà máa ń parí sí .exe, .msi, .bat, .vbs tàbí .js. Ààlà àárín oríṣi méjèèjì kò sì dá ṣáká. Lẹ́tà Word lè gbé àṣẹ pamọ́ sínú, èyí tí wọ́n ń pè ní macro. Fáìlì .zip lè di ètò mọ́ inú, kí ojú má tètè rí i. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ṣé fáìlì yìí léwu, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ṣé ó lè pàṣẹ?

Àjèjì ńkọ́? Ipò ìmọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa fáìlì náà. Windows nìkan, bí wọ́n ṣe ń fi í sórí kọ̀ǹpútà tuntun, ń kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wọlé, kò sì sí ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ tó mọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Bí a bá ní kí gbogbo ohun tí a kò mọ̀ máa jẹ́ ọ̀tá, a ó ti ba kọ̀ǹpútà wa jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àìmọ̀ ń fún wa ní ìdí láti ṣèwádìí. Kò fún wa ní ìdí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ewu ló ṣòroó túmọ̀ jù. Ìtumọ̀ tí mo fẹ́ kí a fọwọ́ mú ni èyí: fáìlì eléwu ni èyí tó ń ṣe ohun tí oní-kọ̀ǹpútà kò pàṣẹ, tí kò sì ní gbà bí ó bá mọ̀. Ó lè jí ọ̀rọ̀ aṣínà, ó lè ti ìwé ènìyàn pa kó sì máa bèèrè owó ìtúsílẹ̀, ó lè ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún ẹlòmíràn, ó lè máa bí ara rẹ̀ kiri. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ méjì ni ìtumọ̀ yìí ní, ìṣe àti àìgbàṣẹ. Ètò tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín fi ń tún ẹ̀rọ yín ṣe láti ọ̀nà jíjìn kò ní ẹ̀bi. Bí olè bá ti gbé ètò kan náà gan-an, láìyí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà yín, ó ti di ohun ìpalára. Ẹni tó bá wá ń wo inú fáìlì nìkan kò lè rí gbogbo ohun tó yẹ kó rí, nítorí ìdajì ẹ̀rí wà ní ìta fáìlì náà. Ibí yìí ni gbòǹgbò ohun tí mo ń sọ pé ẹ̀rí kan kò tó.

2. Ẹ̀rí orúkọ àti ojú

Orúkọ ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò, òun náà ló sì ń tan ènìyàn jù. Ní ọdún 2001, ímeèlì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ní èdè Potogí ní ilẹ̀ Brazil lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì káàkiri ayé. Ó ní kí ènìyàn wá fáìlì kan tó ń jẹ́ sulfnbk.exe nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ó bá rí i, kó mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, kó pa á rẹ́ kíá, kó sì kìlọ̀ fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn wá a, wọ́n sì rí i. Wọn ò lè ṣe kí wọ́n má rí i, nítorí Microsoft fúnra rẹ̀ ló fi í sínú Windows ìgbà náà: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá orúkọ gígùn tí fáìlì ń jẹ́ padà sípò bí ó bá sọnù. Ní ọdún 2002, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tún jáde nípa jdbgmgr.exe. Ti ìyẹn tún wá lágbára sí i, nítorí àwòrán béárì kékeré tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ló wà lára fáìlì náà. Ta ni yóò gbà pé ilé iṣẹ́ ńlá lè fi ohun ìṣeré ọmọdé sára irinṣẹ́? Síbẹ̀ Microsoft ló ṣe é, fún àwọn tó ń kọ ètò ní Java. Ímeèlì náà ní fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń sùn fún ọjọ́ 14 kó tó jí, àti pé antivirus McAfee àti Norton kò lè rí i. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: ó ti di ẹnu ẹlẹ́rìí tó lè ta kò ó kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọ̀ràn méjèèjì yìí, aláìṣẹ̀ ni wọ́n pa. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti dá ọ̀daràn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ímeèlì kan tó ní àkọlé ILOVEYOU jáde láti Philippines. Fáìlì tó so mọ́ ọn ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Windows ní àṣà kan tí kò tíì fi sílẹ̀ títí di òní: bí a kò bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́ bí ó bá ti jẹ́ irú tó mọ̀. Nítorí náà, LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT ni ọ̀pọ̀ ẹni tó gbà á rí, ọ̀rọ̀ lásán tí ènìyàn lè kà. Lẹ́tà mẹ́ta tó pamọ́ náà ló fi hàn pé àṣẹ ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò fi ẹ̀dà ranṣẹ́ sí gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé àdírẹ́sì Outlook rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà yóò sì kọ ara rẹ̀ bo fọ́tò àti àwọn fáìlì mìíràn mọ́lẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti fláàṣì. Ẹ fi fláàṣì sínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan, ẹ gbà á padà, ẹ délé, ẹ ṣí i. Gbogbo fóldà yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ẹ fún wọn, ṣùgbọ́n ọfà kékeré kan ti wà ní igun àwòrán kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju kílóbáìtì kan tàbí méjì lọ. Fóldà kọ́ nìyẹn mọ́. Ọ̀nà àbùjá ni, ohun tí wọ́n ń pè ní shortcut. Fóldà gidi ṣì wà lórí fláàṣì náà, fáírọ́ọ̀sì ló fi í pamọ́. Bí ẹ bá ṣí ọ̀nà àbùjá yìí, yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ètò burúkú ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí fóldà gidi fún yín, kí ẹ má baà fura. Ẹ má ṣí i. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún lára máúsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Properties, ẹ ka ìlà tí wọ́n kọ Target sí. Bí ẹ bá rí cmd.exe tàbí wscript.exe níbẹ̀, tí orúkọ fáìlì kan tó parí sí .vbs tẹ̀lé e, ẹ ti mú un. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti fọ́mátì fláàṣì wọn nítorí wọ́n rò pé iṣẹ́ àṣekágbá wọn ti parun, nígbà tó jẹ́ pé ìwé náà kò kúrò lójú kan. Ó dùn mí gan-an pé kò sí ẹni tó fi ìlà kan ṣoṣo yẹn hàn wọ́n.

3. Ẹ̀rí ibùgbé àti ẹni tó gbé e wá

Bí orúkọ kò bá tó, ẹ jẹ́ ká bi fáìlì náà pé níbo lo ń gbé. Ẹ̀rí yìí lágbára ju ti orúkọ lọ. Ẹ wo svchost.exe. Ẹni tó bá ṣí Task Manager lórí Windows yóò rí i, kì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rù a máa ba ènìyàn, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí òun ló ń gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ́nú Windows ró. Ilé rẹ̀ ni C:\Windows\System32. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún, tí ẹ yan Open file location, tí fóldà tó ṣí bá jẹ́ Downloads tàbí Temp, orúkọ olórúkọ ni fáìlì yẹn ń jẹ́. Bákan náà ni kí ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí scvhost.exe kì í ṣe svchost.exe, òdo inú svch0st.exe kì í sì í ṣe lẹ́tà.

Ẹ tún wo ọjọ́ tó dé, kí ẹ wá rántí ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ wò ó bóyá ó ti fi ara rẹ̀ sínú àwọn ohun tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Autoruns, tí Mark Russinovich jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́, ń kó gbogbo wọn síta lójú kan. Ètò tí ẹ kò rántí pé ẹ fi sórí ẹ̀rọ, tó dé lóru, tó sì ń jí ṣáájú yín láràárọ̀, ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹ̀rí yìí náà ṣe odindi. Ètò burúkú tó bá ti gba àṣẹ alákòóso lè wọ System32 kó jókòó síbẹ̀. Ní ti ẹni tó gbé e wá, ILOVEYOU ti dá wa lẹ́kọ̀ọ́: ọwọ́ ọ̀rẹ́, ọwọ́ ọ̀gá, ọwọ́ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣí i. Mímọ ẹni tó fi fáìlì ránṣẹ́ yàtọ̀ sí mímọ̀ pé òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ẹ pè é lórí fóònù.

4. Ẹ̀rí òǹtẹ̀

Ilé iṣẹ́ tó bá ṣe ètò lè fi òǹtẹ̀ sí i, lọ́nà tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ náà yóò bàjẹ́. Inú Properties náà ni ẹ ó ti rí i, níbi tí wọ́n kọ Digital Signatures sí. Ó yàtọ̀ sí hash, tí òun jẹ́ ìtẹ̀ka fáìlì. Ẹ kọ certutil -hashfile, ẹ fi orúkọ fáìlì náà tẹ̀lé e, kí ẹ parí rẹ̀ sí SHA256, Windows yóò sì fún yín ní ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tó jẹ́ ti fáìlì yẹn nìkan. Òǹtẹ̀ ń sọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ìtẹ̀ka ń sọ pé òun gan-an nìyí, kì í ṣe ẹlòmíràn. Kò sí èyí tó ń sọ pé ọmọlúàbí ni.

Ọ̀ràn CCleaner ti ọdún 2017 ló fi èyí hàn jù. Ètò ìnukọ̀ǹpútà tó gbajúmọ̀ ni. Àwọn aṣebi kan wọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, wọ́n fi àṣẹ tiwọn sínú ẹ̀dà 5.33 kí ó tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ilé iṣẹ́ náà sì fi òǹtẹ̀ tòótọ́ rẹ̀ lù ú láìmọ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 2.27 kọ̀ǹpútà ló gbà á. Orúkọ rẹ̀ pé, ibùgbé rẹ̀ pé, ojúlé ilé iṣẹ́ náà gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ pé, síbẹ̀ ó ń ṣe ibi. Nínú ètò burúkú kan tó ń jẹ́ Stuxnet, tí wọ́n rí ní ọdún 2010, òǹtẹ̀ tí wọ́n jí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Realtek àti JMicron ní Taiwan ni wọ́n lò. Òǹtẹ̀ tó pé jẹ́ ẹ̀rí rere, mo gbà bẹ́ẹ̀. Kò jẹ́ ìdáláre.

5. Ẹ̀rí antivirus

A dé orí ẹlẹ́rìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ di adájọ́. Antivirus ń ṣiṣẹ́ lọ́nà méjì ní pàtàkì. Ó ń rántí àmì àwọn tí wọ́n ti mú rí, ó sì ń ṣọ́ ìwà tó jọ tiwọn. Àléébù ọ̀nà kìíní ni pé kò mọ ẹni tuntun. Àléébù ọ̀nà kejì ni pé ó lè mú ẹni tó jọ olè. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2010, McAfee fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀, àtúnṣe yẹn sì ka svchost.exe tòótọ́ orí Windows XP sí fáírọ́ọ̀sì. Àwọn kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọ́n ń jí, wọ́n tún ń kú. Ẹ rí i pé àṣìṣe tí ẹ̀rọ ṣe níbí kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ènìyàn ṣe nípa sulfnbk.exe ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú.

Nítorí èyí ni mo fi gbà wá nímọ̀ràn pé kí a bi ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan náà. VirusTotal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Málaga ní ilẹ̀ Sípéènì ní 2004, tí Google rà ní 2012, ń gbé fáìlì kan fún antivirus tó lé ní 70 láti yẹ̀ wò. Bí 40 nínú wọn bá fẹnu kò, ẹjọ́ ti parí. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ló pariwo, tí orúkọ tí wọ́n pè é sì jẹ́ ti gbogbogbòò, tí òǹtẹ̀ àti ibùgbé rẹ̀ tún pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìfẹ̀sùnkàn aláìṣẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó sọ̀rọ̀ rárá, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí fáìlì náà: ìdákẹ́jẹ́ lórí fáìlì tí wọ́n ti mọ̀ fún ọdún márùn-ún ní ìtumọ̀, ìdákẹ́jẹ́ lórí èyí tó jáde láàárọ̀ òní kò ní. Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Ẹ má fi ìwé oníbàárà tàbí ti ilé ìwòsàn sórí rẹ̀, nítorí àwọn mìíràn tó ń sanwó fún un lè rí i. Ìtẹ̀ka 64 yẹn ni kí ẹ fi wá a.

Àléébù yìí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan. Fred Cohen, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní ọdún 1984 nígbà tó wà ní Yunifásítì Southern California, fi ìmọ̀ ìṣirò hàn pé kò sí ètò tó lè ka gbogbo ètò mìíràn tó wà kó sì sọ láìṣìnà èyí tó jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Bí a bá dúró de antivirus tí kò ní ṣìṣe láéláé, a ó dúró pẹ́.

6. Ìdáhùn sí àwọn alátakò

Àwọn kan yóò ní bí kò bá sí ẹlẹ́rìí tó dájú, kí ni a ń dájọ́ fún? Èmi ò gbà pé àìpé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sọ gbogbo wọn di asán. Ẹni tó fi CCleaner tan ènìyàn ní láti wọ ilé iṣẹ́ kan lọ kó tó ṣe é. Ẹni tó ṣe ILOVEYOU kò ní láti wọlé ẹnikẹ́ni, àìwo ìparí orúkọ ti tó fún un. Bí a bá béèrè gbogbo ẹ̀rí pọ̀, iye àwọn tó lè tàn wá yóò dín kù gidigidi, àwọn tó kù kì í sì í ṣe àwọn tó ń fi fláàṣì ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́.

Àwọn mìíràn yóò ní èwo ni wàhálà, kí a ṣáà pa á rẹ́. Mo ti fi sulfnbk.exe dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó lágbára jù wà: fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí kì í sábà ṣe ohunkóhun. Mo ní kì í sábà, nítorí Stuxnet rí àlàfo kan lò tó jẹ́ pé bí Windows bá ṣáà ti fi àwòrán ọ̀nà àbùjá rẹ̀ hàn, ó ti ṣiṣẹ́. Microsoft ti dí àlàfo yẹn, ó sì jẹ́ ìdí kan láti máa gba àtúnṣe Windows lásìkò. Ju ìyẹn lọ, àsìkò wà fún wa. Ìdájọ́ kẹta wà láàárín ìdásílẹ̀ àti ikú, òun ni àtìmọ́lé. Ọ̀pọ̀ antivirus ló ní in, wọ́n ń pè é ní quarantine: fáìlì wà níbẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́, a sì lè dá a padà bí a bá rí i pé a ṣì í mú. Èyí tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló yàtọ̀. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Àtakò tó ṣe mí láàánú jù ni ti ẹni tó ní, èmi kì í ṣe onímọ̀, ta ni mo jẹ́ tí n ó fi dájọ́ fáìlì? Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ níbí, ojú àti sùúrù ni wọ́n fẹ́: ìlà Target, fóldà tó ń gbé, ọjọ́ tó dé, òǹtẹ̀, ìtẹ̀ka, iye ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé ọ́fíìsì lè ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ girama lè ṣe é.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olórí ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ ṣí fóldà kan lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tó wà níkàáwọ́ yín, ẹ lọ sí View, ẹ máàkì File name extensions, kí ìparí orúkọ fáìlì gbogbo máa hàn sí ojú àwọn ọmọ wa. Kò gba ìṣẹ́jú kan, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.